Gúgúrú Tí Mo Dì Ní Gbígbóná

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́ tó mú, ẹ kú àdúrà, ẹ kú àmójútó àwa ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ajégúnlẹ̀ tiwa níbí, èyí tó wà létí omi lẹ́bàá Owódé Onírin, kì í ṣe èyí tí àwọn ará ilé máa ń rò. Ìkúnlẹ̀ tí mo wí yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Orí ẹní ni mo wà, orúnkún mi wà nílẹ̀, ìwé wà lórí àpótí níwájú mi, ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yẹ kí n kí yín kú ọwọ́ lómi, bí wọ́n ti ń kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ọwọ́ yín kò kan omi ọmọ yìí rí, èmi ni mo sì fà á, mo wá fi ìkíni náà sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ilé wa gbogbo, ìyálé àti ìyàwó. Bàbá wa tó ti sùn, Ọlọ́run á máa fi afẹ́fẹ́ ìrọ̀rùn fẹ́ sí wọn. Ràímì, àbúrò mi, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ka ìwé yìí sí ìyá wa létí, torí pé wọn ò mọ̀wé. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Ibi tí o bá rí i pé mo ti bú ara mi, kà á bó ṣe wà, má fi oyin sí i. Tí wọ́n bá ní kí o dákẹ́, dúró díẹ̀, kí o tún máa kà á lọ.

Ìyá mi, ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, èyí tí wọ́n ń pín ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tún ń kà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ràímì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti bímọ ni wọ́n ti ń fi yín ṣe ọ̀rọ̀ sọ ládùúgbò. Wọ́n ní irú ìyá wo ni yóò jókòó sí Ṣakí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń bímọ l'Ékòó. Wọ́n ní ẹ lọ sí Èkó, ẹ bá àna yín jà nítorí oúnjẹ, ẹ sì sá wálé. Àwọn kan tiẹ̀ ní ọwọ́ yín ò mọ́, pé ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹ wẹ ọmọ mi. Ràímì ní ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ ní fún gbogbo wọn, pé omi Èkó kò bá ẹsẹ̀ yín mu. Ìyá mi, irọ́ lẹ pa. Nítorí mi lẹ sì ṣe pa á. Orúkọ yín ni wọ́n ń fà kiri nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì jẹ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ lónìí kí gbogbo wọn gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ẹ ò mọ̀ mí, gúgúrú ni mò ń yan tà. Mo máa ń ra àgbàdo gúgúrú ní Mile 12, níbi tí ọkọ mi ti ń já ẹrù tòmátì nínú ọkọ̀. Mo ń yan án, mo ń fi ṣúgà àti bọ́tà díẹ̀ sí i, mo ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo sì ń gbé e kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, Ìkòsì àti Alápẹ̀rẹ̀. Ọdún keje rèé. Èèyàn á rò pé yíyan ni iṣẹ́ gúgúrú. Rárá o! Ta ni kò lè yan gúgúrú? Bí yóò ṣe wà ní gbígbẹ títí tí ọmọ ọlọ́mọ yóò fi já ẹnu ọ̀rá rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, tí yóò jù ú sẹ́nu, tí yóò máa dún karakara, iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Tó bá ti rọ̀, ọmọdé ò ní bú ẹ, yóò kàn tu ú dànù ni, ìyá rẹ̀ ò sì ní ra tìẹ mọ́ láéláé.

Níbi tí a wà yìí, omi ni ọ̀tá wa. Kì í ṣe èyí tó ń ya wọlé lásìkò òjò nìkan, tí a fi ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù. Èyí tí ojú ò rí ló burú jù. Inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ògiri ń làágùn, iyọ̀ ń yọ́ nínú abọ́, bàtà tí ọkọ mi fi ń lọ kírun Jímọ̀ máa ń hu funfun tí kò bá wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gúgúrú tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó lọ kírun Àsárì, á ti rọ̀ kí ẹ tó dé. Ní Ṣakí, nígbà tí mo wà ní kékeré, inú agbọ̀n lẹ máa ń da gúgúrú sí, ẹ ó fi aṣọ bò ó, ẹ ó gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i, ó sì lè lo ọjọ́ márùn-ún láìrọ̀. Afẹ́fẹ́ ilé wa ń gbẹ nǹkan ni. Ti ibí ń rin nǹkan ni. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, agbọ̀n ni mo lò bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo sì da àpò méjì nù sínú gọ́tà kí ojú mi tó là.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá kọ́ ọgbọ́n ibí. Tí mo bá yan án tán, mo ń dà á sórí tíréè fífẹ̀, mo ń fi asẹ́ kù ú kí àwọn tí kò là lè jábọ́. Ó gbọ́dọ̀ tutù, kó tutù dénú. Kì í ṣe kí èèyàn fi ojú wò ó o, èèyàn á ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ń dì í, mo ń fún afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀rá, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ pa. Gbogbo ọ̀rá tí mo bá lẹ̀ tán á wọ inú ike ńlá onídèérí, ike náà á wà lórí pákó, jìnnà sílẹ̀, jìnnà sí ògiri. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ Fátíhà. Ìdí tí mo fi ń kà á sílẹ̀ ni pé kí ẹ mọ̀ pé àìmọ̀kan kọ́ ló ṣe mí lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wá sọ yìí. Ìkánjú ni, àti ẹnu mi tó máa ń ṣáájú ọgbọ́n mi dé ibi gbogbo.

Oyún mi ti wọ oṣù keje nígbà tí ẹ dé, òjò sì ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá mi, ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà. Lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń kí mi l'Ékòó yìí, Aunty Onígúgúrú síbí, Aunty Onígúgúrú sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Ọkọ mi á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó bá fi máa wọlé, á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó lè sùn lọ sórí oúnjẹ. Kò sí ariwo ọmọ nínú yàrá wa. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú èyí, ẹ̀yin nìkan ni mo sì sọ ọ́ fún nínú ẹbí wa. Ìdí nìyí tí ẹ fi wá kí àsìkò tó tó. Ẹ gbé èlùbọ́ wá, ẹ gbé òrí wá, ẹ gbé kànrìnkàn tí ẹ fẹ́ fi wẹ ọmọ wá. Ẹ ní ẹ ò ní kúrò lẹ́yìn mi títí ọmọ á fi jókòó.

Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ lò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹta, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ ń wò mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló ń yà yín lẹ́nu. Ẹ bi mí ìdí tí iyọ̀ fi ń yọ́. Ẹ fi ọwọ́ pa ògiri, ẹ gbé e sí imú, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ aṣọ tí mo sá sínú yàrá láti àná. Mo fi yín rẹ́rìn-ín, mo ní ìyá mi ti di ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ kẹrin ni iléèwé kan ní ọ̀nà Ifákọ̀ ní kí n gbé igba ọ̀rá gúgúrú wá fún ọjọ́ ìparí ọdún àwọn ọmọ. Irú iléèwé tí mọ́tò ń gbé ọmọ wá, tí mọ́tò ń gbé ọmọ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ràn tèmi, á di pé mò ń gbé e wá fún wọn lóṣooṣù. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yan gúgúrú. Iná ò sí. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá, iná ló ń lò, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti rí iná gbẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń yan án ni mò ń kó o jọ gègèrè sínú abọ́ ńlá. Mo ti ń ronú pé àbẹ́là ni màá fi lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ni iná bá dé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò pariwo. Ìyá mi, ẹni tó ń gbé Èkó nìkan ló mọ ohun tí ariwo yẹn ń ṣe sí orí èèyàn. Ẹni tó ń wẹ̀ á fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú, á sáré lọ ki fóònù bọ iná. Orí tèmi náà yí.

Ẹ sọ fún mi. Ọlọ́run gbọ́ pé ẹ sọ fún mi. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú abọ́ náà, ẹ ní inú rẹ̀ ṣì ń gbóná, kí n jẹ́ kó tutù ná. Mo dá yín lóhùn pé iná ò ní dúró dè wá. Mo ń dì í, mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń dì í, mo ń lẹ̀ ẹ́, títí igba fi pé. Mo ní kí ẹ wo bí ọmọ yín ṣe já fáfá. Kò pẹ́ tí mo lẹ̀ ẹ́ tán ni iná tún lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo jáde lọ sí Kétu láti lọ ra páálí tí màá kó wọn sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí àwọn ọ̀rá mi nílẹ̀, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé wọn lẹ́nu. Ẹ jókòó láàárín wọn. Gúgúrú wà lórí tíréè, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìdáná eléèédú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìyá mi, ojú mi ṣókùnkùn. Agbọ̀n Ṣakí ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn nìyẹn, wọ́n fẹ́ fún gúgúrú mi ní afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo pariwo mọ́ yín. Mo ní ta ló rán yín níṣẹ́. Mo ní ẹ ti ba ayé mi jẹ́. Mo ní ibí kì í ṣe Ṣakí, pé ẹ kó ìmọ̀ oko wá sí Èkó. Ẹ na ọwọ́ sókè orí kọ́bọ́ọ̀dù bíi pé ẹ fẹ́ fi nǹkan hàn mí, ẹ ní kí n dúró ná, kí n gbọ́. Mo ní kí ẹ dákẹ́. Kò tán síbẹ̀. Mo pè yín ní ìwọ. Ìyá tó lóyún mi, tó pọ̀n mí, mo pè yín ní ìwọ, mo ní bí ọwọ́ rẹ ò bá lè gbé jẹ́ẹ́, máa lọ sílé rẹ. Ẹnu ọ̀nà wa kọjú sí ibi tí a ti ń pọn omi, àwọn obìnrin bíi márùn-ún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Mummy Dámi, tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà, ló ju bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀, tó sáré wá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó bi mí ṣé orí mi pé.

Ẹ dìde, ẹ gbálẹ̀, ẹ kó àwọn ọ̀rá tí ẹ ti gé sínú àpò kan, ẹ ṣàlùwàlá, ẹ sì lọ dúró lórí ìrun. Ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi dé, ó bi yín bóyá ara yín ò yá, ẹ ní ó rẹ̀ yín ni. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo gbọ́ tí ẹ ń di ẹrù yín. Mo ṣe bí ẹni tó sùn. Ìbínú ṣì wà nínú mi, ìtìjú sì ti ń wọlé, mi ò mọ èwo ni màá gbé dìde nínú méjèèjì. Ẹ wá síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ẹ ń ṣàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọmọ inú mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ orúkọ tèmi náà nínú àdúrà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi sìn yín lọ wọ ọkọ̀. Mi ò lajú.

Àwọn ọ̀rá tí ẹ ò tíì gé ṣì lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo kó wọn lọ sí iléèwé náà bí wọ́n ṣe wà, mo ní ìyókù ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí pé kí n wá kó wọn. Aunty kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ló gbé páálí náà fún mi lẹ́nu géètì, ìtìjú sì wà lójú rẹ̀ bíi pé òun ló ṣẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ń tu ú sílẹ̀. Mo já ọ̀rá kan níwájú rẹ̀. Omi lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá náà nínú, gúgúrú inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú tó bọ́ sómi. Mo já òmíràn, bákan náà. Mo dúró sẹ́nu géètì yẹn, mo já ogún. Ọ̀kan nínú wọn ti ń rùn. Kò sí ẹni tó gé ẹnu àwọn wọ̀nyí o. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ sí wọn. Ooru tí èmi fúnra mi tì mọ́ wọn nínú ló di omi, omi náà ló sì bà wọ́n jẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mummy Dámi wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, tí mo bá fẹ́ kí n bú òun náà. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ sí Kétu, ẹ gbé ọ̀rá kan wá bá òun, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ fi ìrì tó wà nínú rẹ̀ hàn án. Ẹ ní ọ̀rá ti ń làágùn. Ẹ ní kó bá yín pè mí, ó pè mí títí, fóònù mi ti kú. Ẹ ní tí ẹ bá dúró dè mí, kò ní sí èyí tó máa ṣẹ́kù. Ẹ wá yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ finá sí èédú, ẹ jẹ́ kí iná náà rọlẹ̀. Ẹ ń gé ọ̀rá, ẹ ń da gúgúrú sórí tíréè, ẹ ń gbé e sókè ooru èédú kó gbẹ, ẹ ń jẹ́ kó tutù, ẹ sì ń kó o sínú agolo. Mo bi í pé agolo wo. Ó ní èyí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi ni.

Mo gbé agolo náà sílẹ̀. Agolo bisikíìtì ńlá tí mo ti pa tì ni. Ẹ ti fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó de ìdérí lé e, ẹ tún fi aṣọ dì í yíká pinpin. Nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ẹ yan ìrẹsì gbẹ, ẹ so ó sínú aṣọ funfun kékeré kan kó lè máa fa ọ̀rinrin. Ta ló kọ́ yín? Ẹ̀yin tí mo ní ẹ kó ìmọ̀ oko wá! Ọjọ́ díẹ̀ lẹ fi wo afẹ́fẹ́ ibí, ẹ ti mọ ohun tó gbà mí ní ọdún kan gbáko. Mo bu gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan, mo jù ú sẹ́nu. Ó dún karakara. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi gun igi, mo tún wà lórí igi, mò ń sọ òkò lu àgbà tó wà nísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pe fóònù Ràímì. Á ní ẹ wà lóko, á ní ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí, á ní ẹ ti sùn. Mo fi owó ránṣẹ́ bí ẹni tó rò pé owó lè ṣe iṣẹ́ ẹnu. Ẹ dá a padà, ẹ ní kí n fi ra nǹkan ìkókó. Mo fẹ́ wá fúnra mi, dókítà ní kí n má wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, nítorí àwọn oyún tó ti bàjẹ́ ṣáájú. Mo bí ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí omi wọ yàrá wa dé ọrùn ẹsẹ̀. Obìnrin ni, ojú yín ló gbé wáyé, kò sí àní-àní. Mummy Dámi ló wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ó máa ń wo ojú mi kó tó nà án, kó tó jù ú sókè. Ìyá àgbà kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ará ilé ọkọ mi bi mí pé ìyá mi ńkọ́. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn yín. Ẹ wò ó, irọ́ kan náà tí ẹ̀ ń pa ní Ṣakí ni mo pa l'Ékòó, a ò sì jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tiyín bo àṣírí mi. Tèmi náà, àṣírí mi ló bò. Kò sí ẹni tó bo tiyín. Nígbà tí Ràímì wá la ẹnu lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sọ ohun tí wọ́n ń fi ojú yín rí, ọmọ wà lọ́mú mi, omijé mi ń kán sí i lórí.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ gúgúrú náà. Iléèwé yẹn ò pè mí mọ́, mi ò sì bínú sí wọn. Ìrẹsì yíyan wà nínú gbogbo ike mi báyìí, nínú aṣọ funfun, bí ẹ ṣe ṣe é. Iná dé, iná lọ, mi ò kà á sí. Bí gúgúrú ò bá tutù dénú, mi ò fọwọ́ kan ọ̀rá. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ìkòsì ní ti ìsinsìnyí ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yìn mí, ó ń dùn mí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin àdúgbò wa, ẹ̀yin àna mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìyá mi ṣe ìtàn nídìí kànga, ẹ gbọ́ o. Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọwọ́ wọn mọ́ ju tèmi lọ. Wọn ò kọ ọmọ-ọmọ wọn sílẹ̀. Wọ́n wá pẹ̀lú òrí lọ́wọ́, èmi Sàdíátù Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí wọn, ni mo lé wọn lójú àwọn èèyàn, nítorí gúgúrú tí èmi fúnra mi bà jẹ́, tí àwọn sì fẹ́ bá mi gbà là. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀, kó fi ìyá mi sílẹ̀, kó máa sọ tèmi. Mo ti kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Ìyá mi, mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ tún wọ ọkọ̀ wá sí Èkó. Ẹsẹ̀ tí mo fi ẹnu ara mi lé, mi ò lójú láti pè é padà. Èmi ni mò ń bọ̀. Dókítà ti ní kò séwu mọ́ fún èmi àti ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pín ìwé yìí, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo èèyàn á wà níta, màá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa, màá sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Mi ò ní wọlé. Ẹ má rán Ràímì pé kó wá gbé mi dìde. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Àgbà bá mi bẹ̀ yín. Gbangba ni mo ti ṣe é, gbangba náà ni kí n ti jẹ ìyà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pẹ́ lórí orúnkún mi, màá pẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ò ní fi ojú sunkún wa. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Mo kí ẹni tó gbèjà yín, mo kí ẹni tó bú yín náà, nítorí pé wọn ò mọ̀.

Áíṣátù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n bi mí ní oríkì rẹ̀, mo ní kò tíì ní. Ìyá ọkọ mi fẹ́ fún un ní ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, pé ó ní ẹni tó ni ín. Ó ti lé ní oṣù méjì tí a ti ń ké sí i láìsí oríkì. Bí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ kàn jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ ki ọmọ náà ní oríkì tí ẹ bá fún un. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé mo lè dìde.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàdíátù Àbẹ̀kẹ́.